Pẹ̀lẹ́ Tí Wọ́n Kà sí Ẹ̀bi

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní Bẹẹrẹ tí ẹ ń fi orúkọ mi dá àpárá, mo ti gbọ́. Ẹ ní abẹ́rẹ́ mi ni ó já òyìnbó kan lulẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ẹ ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi kì bá tí jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi ṣáájú mi, ó ti délé, ó ti jókòó, ó ti jẹun yó kí n tó dé. N kò kàwé púpọ̀. Ilé kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo kọ́ á-bí-dí díẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní Òkè Padre. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ kò nílò ìwé púpọ̀ kí ó tó lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. N óò to ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń to aṣọ, etí sí etí, kí ojú rírán rẹ̀ má baà wọ́.

Aránṣọ ni bàbá mi, aránṣọ ni bàbá tirẹ̀, ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Bí mo ṣe rin ìrìn náà dé ìlú òyìnbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni.

Òtútù kọ́ ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo jáde sí òpópó, mo kí ọkùnrin tí mo pàdé pé ẹ káàárọ̀ ní èdè tirẹ̀, mo béèrè bí ó ṣe sùn, mo béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá ohun tí ó kó síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì yára kọjá. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó sórí ibùsùn, mo wá ń kí ara mi.

Iṣẹ́ tí mo rí wà létí pápá ńlá kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń wa bàálù kékeré. Irin ni mo rò pé wọ́n fi ṣe bàálù. Ta ni kò rò bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ tí Mísísì Hádì, ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn, mú mi wọlé, mo gbé ọwọ́ lé apá ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà, ọwọ́ mi sì mọ ohun tí ó kàn kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Aṣọ ni! Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni awọ rẹ̀. Òwú ni wọ́n fi rán aṣọ náà mọ́ igi, wọ́n wá fi ọ̀dà kan tí ó ń ta ni nímú kùn ún títí ó fi gan bí pátákó.

“Ṣé inú aṣọ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń fò?” ni mo bi í.

“Inú aṣọ ni,” ni ó dáhùn. “Nítorí náà, bí o bá ń rán an, má ṣe máa ro oúnjẹ ọ̀sán.”

Obìnrin ni gbogbo àwọn tí ń ránṣọ níbẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan gbé yẹ̀rì rẹ̀ sókè díẹ̀ ní etí, ó ní kí n wá bá òun ká a. Lójú wọn, ọkùnrin tí ó di abẹ́rẹ́ mú jẹ́ àwàdà. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, ọkùnrin ni ó ń rán agbádá, aṣọ tí a lè fi bo bàálù kan kí ó sì ṣẹ́kù. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Nígbà tí ó ṣe, àwọn fúnra wọn ni ó ń gbé ibi igun tí ó ṣòro wá bá mi: “Gbà, Agbádá, bá wa wo eléyìí.” Mísísì Hádì fún mi ní ìdí àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù láti máa kírun, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin náà pé kí wọ́n má ṣe pariwo bí mo bá wà níbẹ̀. Ìṣẹ́gun kékeré ni. Mo kọ ọ́ sílé.

Gbígbéra kò ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Bíbalẹ̀ ni iṣẹ́. Láti ojú fèrèsé wa ni a ti ń wò wọ́n. Ẹlòmíràn á balẹ̀ kí ilẹ̀ tó dé: á rò pé òun ti kan koríko, á fa ọ̀pá ìdarí mọ́ àyà, bàálù á dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ, á sì já lulẹ̀ gbì. Ẹlòmíràn á fi táyà gbá ilẹ̀, á ta sókè, á tún gbá a, á tún ta, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ju òkúta lù. Ẹlòmíràn, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ á gbé apá rẹ̀ kan sókè, apá kejì á gé koríko, gbogbo rẹ̀ á sì máa yí bí òkòtó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ju ìtìjú lọ. Àwa ni a ń rán ìtìjú náà.

Olùkọ́ wọn ni wọ́n ń pè ní Kápítéènì, ọkùnrin gígùn kan tí ó ti ja ogun lójú òfurufú. Ohùn rẹ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ wa: “Ilẹ̀ kò sá! Ilẹ̀ kò sá lọ síbì kan! Ẹ dúró dè é!”

Ní èdè wa, a ní ọkàn ẹni balẹ̀. A ní kí ènìyàn fara balẹ̀. Mo máa ń rò ó létí fèrèsé yẹn pé èmi náà ti gbéra ní Bẹyẹrúnkà, n kò sì tíì balẹ̀. Ara mi wà nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń rá bàbà lókè, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú.

Làmídì, ọmọ Pópó Yemọja, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ìlú kan tí kò jìnnà sí tèmi. Òun ni ó ń bá mi ka lẹ́tà ilé ní ọjọ́ ìsinmi, nítorí ojú rẹ̀ yá sí ìwé ju tèmi lọ. Akọ̀wé kan lẹ́sẹ̀ òkè Mápó ni ó ń bá ìyá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde.

“‘Mo gbọ́ pé aṣọ ni o ń rán fún ẹyẹ,’” ni Làmídì kà, ó ń yí ohùn bí obìnrin. “‘Ṣé ẹyẹ kò ní ìyẹ́ tirẹ̀ ni? Bí wọ́n bá ní kí o wá gùn ún, sọ fún wọn pé inú ń run ọ́.’”

“Làmídì, ìyá mi kò sọ ọ́ báyìí.”

“Ó wà níbẹ̀! Wò ó! Inú rírun! Télọ̀ ẹyẹ, gba ọ̀rọ̀ àgbà o.”

A rẹ́rìn-ín títí ẹni tí ó wà ní yàrá kejì fi ń gbá ògiri. Lẹ́yìn irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni ilé máa ń jìnnà jù.

Ní ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Píta, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà, ni ó wà lókè, òun nìkan. Kápítéènì ni ó ní kí ó lọ. Bàálù tí ó wà nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa ni, èmi ni mo sì rán apá òsì rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Mo rí Píta tí ó ń bọ̀. Mo rí i tí ó dúró lókè koríko, tí ó ga jù. Mo rí i tí ó já. Apá òsì gún ilẹ̀, ìrù gòkè, gbogbo rẹ̀ sì dojú dé.

Gbogbo wa sáré. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rọ̀ nínú ìgbànú ìjókòó rẹ̀ ní ìdoríkodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń ti imú rẹ̀ wọ inú irun. Mo fi èjìká mi gbé orí rẹ̀ ró kí ọrùn rẹ̀ má baà yẹ̀, mo sì ń sọ ohun tí ọmọ ènìyàn ń sọ: “Sọ́rì, sà! Sọ́rì o! Ó mà ṣe o! Sọ́rì, sọ́rì!” Títí wọ́n fi gé ìgbànú náà, títí wọ́n fi gbé e lọ, ẹnu mi kò dákẹ́. Kápítéènì dúró lẹ́yìn mi. Ó ń wò mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí jáde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó di àkísà apá òsì náà mú.

“Aṣọ yìí tú lójú òfurufú. Ìwọ ni o rán an?”

“Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n kò tú lókè. Ilẹ̀ ni ó ya á.”

“Kí ló dé tí o fi jẹ́wọ́ nígbà náà?”

“Mo jẹ́wọ́ kẹ̀, sà?”

“Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ! O ń sunkún, o ń sọ ọ́ léraléra. O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọkùnrin yẹn, o sì mọ̀ ọ́n.”

Mo wo ojú àwọn tí ó yí wa ká. Kò sí ẹni tí ó sọ pé òun kò gbọ́. Kápítéènì ní kí n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí Píta yóò fi lè dìde, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Mísísì Hádì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò bínú. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

“Ọmọ mi, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìwọ ni, kí ni o wá ń tọrọ àforíjì fún?”

Àforíjì! Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Akọ̀wé tí ó kọ́ mi ní Òkè Padre sọ fún mi pé, “Pẹ̀lẹ́ ni sọ́rì, sọ́rì ni pẹ̀lẹ́,” mo sì gbà á gbọ́. Kò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn, àti pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òyìnbó ń wò.

Ẹ̀yin mọ bí ó ṣe rí nílé. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ ní Ọjà'ba, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ náà, pẹ̀lẹ́ ti dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń pàtẹ, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń kọjá, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tilẹ̀ rí i dáadáa. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó gbé òkúta náà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́ ni a ń fura sí. Ní ìlú òyìnbó, bí ènìyàn bá ṣubú, wọ́n á yí ojú sí ibòmíràn kí ojú má baà tì í. N kò ní wọn kò láàánú. Àánú tiwọn yadi ni. Tiwa sì ń pariwo. Èmi ni mo gbé ariwo lọ sí ilé ayadi, wọ́n sì rò pé ẹ̀bi ni mo ń jẹ́wọ́.

Làmídì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fa àpótí mi jáde lábẹ́ ibùsùn.

“Kó ẹrù rẹ. Ìlú pọ̀. Télọ̀ kì í wá iṣẹ́ tì.”

“Bí mo bá lọ, ta ni yóò sọ pé n kò ṣe é?”

“Ta ni ó bi ọ́? Òyìnbó ni adájọ́, òyìnbó ni ẹlẹ́rìí, òyìnbó ni ó ṣubú. Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi, ìwọ nìkan ni ó ṣẹ́kù!”

“Kí wọ́n dá mi lẹ́bi lójú mi, Làmídì. N kò ní jẹ́ kí wọ́n dá mi lẹ́bi lẹ́yìn mi.”

“Olórí kunkun! Ọmọ Bẹyẹrúnkà!”

“Èmi náà ni.”

Ó ti àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn, ó ń pòṣé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ó ní mo wà nínú wàhálà nítorí bàálù kan tí ó já, wọ́n ní mo jẹ́wọ́. Kò kọ ọ́ pẹ̀lú ibi. Ibẹ̀ ni ẹ ti gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó dúró gbọ́ ìparí.

Mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan kí n lè rí jẹ. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí n tó lọ síbẹ̀, mo ń gba ẹnu ọ̀nà pápá kọjá. Mà á ṣí fìlà, mà á bi aṣọ́nà léèrè bóyá wọ́n ti dá ọjọ́. “Kò tíì sí,” ni yóò wí. “Mo dúpẹ́. Mo ń bọ̀ lọ́la.” Yìnyín bọ́, mo lọ. Òjò rọ̀, mo lọ. Nígbà tí ó pẹ́, aṣọ́nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì sílẹ̀ dè mí. Mo rò pé ojú mi ni ó sú wọn tí wọ́n fi dá ọjọ́.

Alága wọn, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, jókòó ní orí tábìlì gígùn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì yí i ká. Wọ́n fi mí sí ìdí tábìlì náà lọ́hùn-ún. Píta wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Kápítéènì rojọ́ tirẹ̀, kò sì gùn: aṣọ tú, bàálù já, ẹni tí ó rán an jẹ́wọ́.

“Kí ni o rí sọ?” ni Alága bi mí.

“Sọ́rì tí mo sọ kì í ṣe irú tiyín, sà. Ní ìlú wa, ẹni tí nǹkan ṣe ni a ń sọ ọ́ fún. Kì í ṣe pé àwa ni a ṣe nǹkan náà fún un.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Sọ́rì ti wá di méjì,” ni Kápítéènì wí. “Ọgbọ́n rèé.”

Alága mi orí. “Mo ti dàgbà, n kò tíì rí ẹni tí ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe.” Ó gbé ife tíì rẹ̀ kí ó mu. Bóyá ọwọ́ àgbà ni, bóyá ife náà ni ó gbóná jù, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tíì gbígbóná sì dà sí i ní itan. Ó fò dìde.

“Yéè! Sọ́rì, sà! Ẹ pẹ̀lẹ́! Sọ́rì o, ó mà ta yín!”

Mo ti dìde, mo ti na ọwọ́ méjèèjì, kí n tó mọ̀ pé ohùn mi nìkan ni ó wà nínú yàrá. Àwọn yòókù ń wo ògiri. Ọ̀kan ń wo àjà. Alága ń fi áńkáṣíìfù nu itan, ṣùgbọ́n ó dá ọwọ́ dúró. Ó wo ife tí ó wà nílẹ̀, ó fi ojú wọn gígùn tábìlì náà títí dé ọ̀dọ̀ mi.

“Kí ni o fi ife mi ṣe?” ni ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“N kò fi í ṣe nǹkan kan, sà. Ó ta yín ni.”

Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí Píta. “Ọmọ, aṣọ apá yẹn, ṣé ó tú nígbà tí o wà lókè?”

Píta wo Kápítéènì, ó wo ilẹ̀. “Kò tú, sà. Mo rò pé mo ti kan ilẹ̀, mo fa ọ̀pá mọ́ra, ilẹ̀ kò sì tíì dé.” Ó gbé orí sókè. “Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi mí.”

Alága sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ parí, kí n padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

“Kò tíì parí, sà.”

“Kí ló tún kù?”

“Ìta gbangba ni wọ́n ti ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn, lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Inú yàrá ni ẹ ti dá mi láre. Àwọn tí ó wà níta kò gbọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ba orúkọ ẹni jẹ́ ni wọ́n ti ń tún un ṣe.”

Kápítéènì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Alága kàn wò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró síbi tí mo dúró sí ní ọjọ́ ẹ̀sùn náà. N kò wọlé. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Mísísì Hádì, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe náà jáde. Kápítéènì ti orí pápá wá, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó wo ọ̀nà jínjìn.

“Sọ́rì,” ni ó wí, lábẹ́ ahọ́n.

Mo lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi fẹ́ gbà á, nítorí òtútù mú, ebi iṣẹ́ sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n mo bi í.

“Èwo nínú méjèèjì ni, sà? Irú tiwa, tàbí irú tiyín?”

Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́ lẹ́yìn. Mísísì Hádì pa á lẹ́nu mọ́. Kápítéènì yí ojú kúrò ní ọ̀nà jínjìn, ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ẹ̀sùn náà.

“Irú tiwa ni,” ni ó wí, ó sì gbé ohùn sókè bí ó ti ń gbé e sókè sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. “Èmi ni mo jẹ̀bi. Atẹ́gùn yẹn le ju ohun tí ọmọ náà lè bá jà lọ, èmi sì ni mo ní kí ó lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí kò ní àbùkù.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọlé, àwọn obìnrin sì yà fún mi. Apá òsì bàálù Píta wà lórí tábìlì ní ìhòòhò; wọ́n ti tún igi rẹ̀ tò, aṣọ tuntun wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta ni yóò rán eléyìí?” ni Mísísì Hádì béèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

“Ẹ fi sílẹ̀ fún mi,” ni mo wí.